Àwọn Tó Dúró Lórí Ìlà

Àtẹ tí Bánjókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ti di pápá, òun náà sì ń rìn nínú rẹ̀. Oòrùn dúró sójú kan lókè bí àlejò tí kò tíì rí oúnjẹ. Àwọn ìlà òró tó ti fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti di òpó igi tó ga ju igi àgbọn lọ, àwọn ìlà ìbú sì ti di ìtí igi tó sùn gbalaja sílẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n sì kọ iye ọdún sókè ẹnu ọ̀nà náà. Kò ya Bánjókòó lẹ́nu. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí ara rẹ̀ ni pé àwọn òpó náà dọ́gba, orí rẹ̀ sì wú.

Akọ̀wé ìlú Odò-Ayégbé ni. Ní ìlú náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó ọmọ jọ sí ẹgbẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta náà ni wọ́n fi ń sọ ẹgbẹ́ lórúkọ: Ọmọ Eṣú, Ọmọ Afárá-Wó, Ọmọ Òjò-Kò-Dá. Tí Ọjọ́ Ẹgbẹ́ bá pé, oníkálùkù á lọ jókòó sórí ẹní àwọn ojúgbà rẹ̀, kò sí ẹni tí í ṣi ẹní jókòó. Bánjókòó ní ọ̀rọ̀ ará oko nìyẹn. Ó ní nọ́ńbà ni ayé ń lò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló gbé ìwé, tó ń ti ojúlé dé ojúlé, tó ń béèrè ọjọ́ orí. Tí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ pé, “Ọdún tí wọ́n bí mi, akọ̀wé, ìyẹn ni ọdún tí odò kún wọ…”, Bánjókòó á ti gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ jẹ́ ká kọ ọgọ́rin. Ó súnmọ́ ọn.” Á kọ ọ́, á sì ti yíjú sí ojúlé kejì.

Nígbà tó délé, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò fi àwọ̀ sí i, kò fi ọ̀ṣọ́ sí i: lẹ́tà lásán, nọ́ńbà lásán, ìlà òró láàárín wọn. Ènìyàn kan, ìlà kan. Ó wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó gba ibi tí ọjọ́ orí wà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó ka àwọn tó ju ọgọ́ta lọ tí wọn kò tó àádọ́rin, kí ó ka àwọn tó ju àádọ́rin lọ tí wọn kò tó ọgọ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ náà gbọ́, nítorí ẹ̀rọ kì í jiyàn. Iṣẹ́ tí òmùgọ̀ bá rán an náà ni yóò jẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí ìlà tó kẹ́yìn máa ń wà, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ tó tóbi bí àká. Àpapọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ orúkọ náà fún Bánjókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹnu Àpapọ̀ là sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọjà, iye tó ń ti inú yàrá kọ̀ọ̀kan jáde sì ń tò wọ inú ẹnu náà bí èèrà.

“Akọ̀wé,” Àpapọ̀ ní, kò sì pa ẹnu dé láti sọ̀rọ̀, “èèyàn mélòó lo kọ?”

“Irinwó ó lé méjìlá.”

“Ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún ló dé ọ̀dọ̀ mi.”

“Irọ́ ni.”

“Èmi ò lè purọ́, ebi nìkan ló wà nínú mi. Ó ku méje lé lọ́gọ́rùn-ún. Wo oòrùn yẹn. Tó bá ti kan orí òpó àárín, mà á pa ẹnu mi dé. Ẹni tí kò bá sí nínú yàrá kankan nígbà náà, n ò kà á nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ á kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n á máa wò ó, wọn ò ní mọ ohun tí wọn ó pè é.”

Bánjókòó rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ó wo òkè kó lè wo oòrùn, ibẹ̀ ló ti rí wọn.

Àwọn ènìyàn wà lórí àwọn òpó náà, wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan bí lékeléke. Òmíràn wà láàyè, òmíràn ti kú, wọn kò sì fi ìyẹn ṣe nǹkan kan láàárín ara wọn. Nọ́ńbà wà lọ́rùn oníkálùkù bí agogo ọrùn ewúrẹ́: ogójì, ọgọ́ta, àádọ́rin, ọgọ́rin. Gbogbo rẹ̀ ló pé géérégé. Kò sí ẹnì kankan tí tirẹ̀ lé ẹyọ kan tàbí dín ẹyọ kan. Bánjókòó kà wọ́n. Mẹ́fà lé lọ́gọ́rùn-ún ló rí. Ó tún un kà, mẹ́fà lé lọ́gọ́rùn-ún náà ni.

“O ṣì í kà,” ó sọ fún Àpapọ̀.

“Èmi kọ́,” Àpapọ̀ ní.

Lórí òpó tó pààlà sáàárín yàrá àádọ́rin sí ọgọ́rin àti yàrá ọgọ́rin sí àádọ́rùn-ún, ìyá Bánjókòó wà níbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni, ìyá tí í hun ẹní, tó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yìí. Ẹní kan tí kò tíì hun tán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń hun ún lọ lókè níbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan, etí ẹní náà ń jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó nísàlẹ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀. Bánjókòó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ kó kí i, orúkọ náà sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde, bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Ìyá mi,” ó ní. “Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

Òpó tí ìyá náà dúró lé lórí ló dá a lóhùn. Ohùn igi gbígbẹ ló ní. “Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ibo? Ìlà ni wá, a kì í ṣe ilé. Ìwọ lo kó wọn lé wa lórí. Wọ́n wúwo. Eegun ẹ̀yìn ń dùn wá.”

“Èmi?” Bánjókòó kó ọwọ́ sẹ́yìn, bó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ la òye yé àwọn tí kò kàwé. “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ju ọgọ́rin lọ, yàrá rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá tó ọgọ́rin, yàrá tirẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ mi pé. Ta ló wá ní kí wọ́n jẹ́ ọgọ́rin géérégé? Àwọn gan-an ló dúró sí ibi tí ènìyàn kì í dúró sí.”

Ẹ̀rín bú jáde lórí àwọn òpó, àwọn òpó náà sì ń mì. Ẹni tí tirẹ̀ ròkè jù ni Bàbá Ṣówándé, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bó obì, tó kú lẹ́yìn Abọ́sẹ̀dé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì kú.

“Ìwọ ni o, akọ̀wé! Ìwọ lo ní ká jẹ́ ọgọ́rin! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọdún tí wọ́n bí mi fún ọ, o ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. O ní ọgọ́rin súnmọ́ ọn. Òótọ́ ni. Wò mí lókè níbí, mo súnmọ́ ọn. Mo súnmọ́ ọn débi pé n ò lè wọ inú rẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” obìnrin kan ké láti orí òpó àádọ́rin. “Ẹni tó lọ sílé ìwé ni. Wọ́n kọ́ ọ ní kíkà, wọn ò kọ́ ọ ní gbígbọ́.”

“Wọ́n kọ́ ọ ní gbígbọ́,” Bàbá Ṣówándé ní, “ọjọ́ yẹn ni kò lọ.”

Òpó náà tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. “Kò nira. Àmì ìdọ́gba kan ṣoṣo ló kù nínú àṣẹ tí o pa. Sọ pé ẹni tó bá pé ọgọ́rin, tàbí tó bá jù ú lọ, kí ó wọlé. A óò tẹ̀ba, wọn óò wọlé, ẹ̀yìn wa óò sì sinmi.”

Bánjókòó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti mọ̀ ọ́n kí òpó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ka iye náà níwájú àwọn olóyè, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì ti sọ lọ́jọ́ náà pé tí ẹnikẹ́ni bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹni náà wá gba gègé lọ́wọ́ òun. Gègé ṣòroó jọ̀wọ́ níwájú abó-obì.

“Òpó kì í kọ́ mi níṣẹ́,” ó ní.

Ó yíjú padà. Nígbà tó tún gbójú sókè, oòrùn ti rìn. Ìgbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò ó nìkan ló máa ń rìn. Kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó fi jìnnà sí orí òpó àárín. Abọ́sẹ̀dé ṣì ń hun ẹní rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń funfun díẹ̀díẹ̀ bí lẹ́tà tí oòrùn jẹ lára pátákó. Bánjókòó tún gbìyànjú orúkọ rẹ̀. Ìdajì ló jáde.

Ẹ̀rù wá bà á. Ó sáré lọ sí ibi tí àwọn bọ́tìnnì wà. Wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí ebè, ìwọ̀nba tí ènìyàn lè dúró lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Ó rí gbogbo wọn. Níbi tó yẹ kí ti àmì náà wà, ihò ló wà níbẹ̀, adìẹ funfun kan sì dúró sí etí ihò náà, ó ń gbé nǹkan mì.

“O pẹ́,” adìẹ náà ní, ó sì nu ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àwọn àgbà ní ó ju èje lọ. Bánjókòó kò fẹ́ràn òwe, ó ní nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í pé. Ṣùgbọ́n òwe náà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ajá bó ti ń padà lọ sí ìdí òpó ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi,” ó ní, “ọdún mélòó lẹ jẹ́ gan-an?”

Abọ́sẹ̀dé wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú tó fi wò ó ni ojú tí í fi wo koríko tí kò gbẹ dáadáa tí ẹnìkan gbé wá tà fún un.

“O ń bi mí?”

“Mo ń bi yín, Ìyá mi.”

“Bí o bá ti bi mí ní ẹ̀ẹ̀rùn, o ò bá ti jókòó. Àpótí wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. O dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ bí agbowó orí.” Ó fa koríko kan wọ inú ẹní, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “Ṣé o rí èyí? Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń hun ún, n ò rí koríko kan tó sùn sórí òfo. Bí kò bá gba òkè, á gba ìsàlẹ̀. Ìwọ hun ẹní ìlú, o jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún koríko já bọ́ láàárín ọwọ́ rẹ.”

“Méje lé lọ́gọ́rùn-ún ni, Ìyá mi, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún.”

“Dákẹ́.”

Abọ́sẹ̀dé fa koríko mìíràn wọ inú ẹní.

Ó wá sọ ọ́, kò sì kánjú. Ó sọ ti ọdún eṣú, bí ojúmọ́ ṣe mọ́ tí òkùnkùn sì tún ṣú, bí ewé gbogbo ṣe tán lórí igi tí ẹ̀ka ń hó yaya. Ó ní òun ti ń sáré kiri nígbà náà. Òun ti pé ọdún mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ọjọ́ tí ọjà ìkórè ń ná ni wọ́n bí òun. Ìyá òun fi agbọ̀n bo òun mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rù má baà ba òun, òun sì ń yọ ojú láti ojú ihò agbọ̀n, òun ń rí eṣú kan tí ń wo òun padà. Ó ní eṣú náà ní ojú bí ti ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Ẹsẹ̀ Bánjókòó ń jó lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló la ẹnu láti dá a dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé ètè ara rẹ̀ jẹ.

“Ọdún eṣú,” ìyá náà ní, “ó pé ọgọ́rin ọdún ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọmọ ìlú wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ìwọ tó mọ̀wé, rò ó pọ̀.”

Bánjókòó nàró, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn títí ó fi dé ọrùn ìyá rẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó fi ìka pa ọgọ́rin rẹ́, ó kọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Òpó náà mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ba bí ẹ̀ka tí èso rẹ̀ pọ́n, ó gbé Abọ́sẹ̀dé sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyá náà wọlé láìbojú wẹ̀yìn, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ tí kò tíì parí, ó jókòó.

“Ó ku márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún lókè,” Bánjókòó ní, ó ń mí hẹlẹ. “Ẹ tò. Ẹ tò sórí ìlà. Kálukú á sọ tirẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é ní ṣókí.”

Bàbá Ṣówándé ti ń ké sí inú yàrá.

“Abọ́sẹ̀dé! Ta ló pọ̀n mí lọ wo ibi tí eṣú bà sí, nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀?”

“Èmi ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́, ikun imú rẹ sì bà mí láṣọ jẹ́.”

“Ọdún mẹ́rin. Ó dáa.” Bàbá Ṣówándé fi ìka ara rẹ̀ pa nọ́ńbà ọrùn rẹ̀ rẹ́, ó kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin, òpó sì gbé e sí yàrá kejì. “Ẹ wò mí! Mo ti di ọmọdé! Ẹni tó bá jù mí lọ, kó má rán mi níṣẹ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni!”

Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ lórí àwọn òpó. Ẹnìkan ń béèrè ẹni tí wọ́n jọ já lẹ́nu ọmú. Ẹnìkan ń rántí ẹni tí wọ́n sin lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ ọdún afárá ń fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó gbà á ń fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ń já bọ́ wọ inú yàrá bí máńgòrò nínú ìjì. Wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kùkùté kọjá. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo òpó fi ṣófo.

“Irinwó ó lé mọ́kànlá,” Àpapọ̀ ní. “Ó ku ẹnìkan.”

Bánjókòó yí gbogbo pápá wò. “Kò sí ẹnì kankan lókè mọ́.”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ kọ ara rẹ sórí àtẹ, ìlà kìn-ín-ní. Wo ẹsẹ̀ rẹ.”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni. Ilẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lórí òpó tó pààlà sáàárín yàrá ogójì sí àádọ́ta àti yàrá àádọ́ta sí ọgọ́ta, nọ́ńbà sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń dún kọ́ngọ́kọ́ngọ́.

“Tèmi kì í ṣe súnmọ́ ọn,” ó ké. “Tèmi wà nínú ìwé! Tíṣà ló kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ìwé! Wọ́n ní kí n na ọwọ́ gba orí kọjá kí n di etí mú, mo dì í mú, wọ́n kọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń kà á bọ̀. Àádọ́ta ni mí!”

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín pẹ́.

“Ọwọ́ rẹ kò tó o,” ó ní. “Èmi ni mo tẹ orí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí tíṣà ń fọn ikun, kí ọwọ́ rẹ lè kan etí. O kéré jù fún ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ lọ sí ibi koríko.”

Bánjókòó pa àádọ́ta rẹ́ lọ́rùn ara rẹ̀, ó kọ mọ́kàndínláàádọ́ta. Nọ́ńbà náà ṣí kúrò, àádọ́ta tún padà. Ó kọ méjìdínláàádọ́ta. Ó tún ṣí kúrò. Àwọn òpó náà kì í gba àbá. Oòrùn sì ti ń kan orí òpó àárín, nítorí kò sí ẹni tó ń wò ó.

“Ìyá mi! Ọdún wo lẹ bí mi?”

Abọ́sẹ̀dé sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ìwọ̀n ìdí ènìyàn kan. Ó fi ọwọ́ pa ibẹ̀ kó tẹ́. Ó gbé ojú sókè, ojú náà sì rọ̀ fún ìgbà kan ṣoṣo.

“Ọdún tí mo bí ọ,” ó bẹ̀rẹ̀, “ìyẹn ni ọdún tí mo ti sin mẹ́ta ṣáájú rẹ, tí àwọn ará ilé ní kí n má sọ ọ́ lórúkọ gidi, nítorí…”

“Nọ́ńbà, Ìyá mi!” Ọwọ́ Bánjókòó ti gòkè kó tó mọ̀. “Ẹ sọ nọ́ńbà, ẹ fi ìtàn sílẹ̀!”

Ìyá náà wo ọwọ́ tó nà sókè náà, ó wò ó dáadáa. Ó wá gbé koríko kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa.

“Jẹ́ kó jẹ́ àádọ́ta,” ó ní. “Ó súnmọ́ ọn.”

Àpapọ̀ pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọ̀sán ni. Bánjókòó wà lórí àga ní pálọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú lórí ìlà kìn-ín-ní. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wọlé. Ó la ẹnu láti pè é, bó ti ń pè é láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnu náà sì wà ní lílà, kò sí ohun tó jáde. Ó gbé omi náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí a ti ń gbé e fún àlejò.

Ọwọ́ ọ̀tún Bánjókòó ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ń nà án, ó ń nà án. Ó ku ìwọ̀n ìka kan kó kan etí.